Rọ́bà Rírọ̀ fún Ọ̀nà Ajue

Odigbo,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sán.

Mọ̀dúpẹ́, Àjíkẹ́ mi,

Bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, kọ́kọ́ jẹun kí o tó kà á. Ìyá rẹ ló ní kí n kọ gbólóhùn yẹn ṣáájú ohun gbogbo, mo sì ti kọ ọ́ báyìí kí n lè rí ìsinmi. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí pèpéle, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó sì ń yọjú wo ohun tí mò ń kọ bí ẹni pé àlè ni mò ń kọ̀wé sí.

O kú orí ire iṣẹ́ tuntun. Nígbà tí o pè wá pé wọ́n ti gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Ajue, pé ìwọ ni yóò máa gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin inú àgọ́ oko, inú mi dùn, ó sì tún bàjẹ́ díẹ̀. Mo mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá mi kó wa wá láti ìhà Ìkirè nígbà tí mo kéré, tó ń dá oko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ títí tó fi kú. Mo mọ bí ọ̀nà ṣe rí láti ibẹ̀ dé títì, mo sì mọ bí ó ṣe máa ń dà bí òjò bá ti rọ̀. Torí náà, nígbà tí o ní kí n fún ọ ní píkọ́ọ̀pù mi àtijọ́ tó wà lábẹ́ igi máńgòrò, kí o lè tún un ṣe, kí o máa fi gbé àwọn aláboyún tí ọ̀rọ̀ wọn bá ju agbára rẹ lọ wá sí ọsibítù ní Ore, n kò bá ọ jiyàn. Ọkọ̀ náà kúkú ti ń sùn, èmi náà kò sì ní agbára láti wà á mọ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sí fóònù mi lánàá. Mo rí àwọn búṣì tí Jímọ̀, mẹkáníìkì wa ní Ore tí o gbé ọkọ̀ náà lọ fún, ti gé sílẹ̀ dè ọ́, dúdú, líle, tí wọ́n gé lára táyà tírélà. O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bàbá, Jímọ̀ ní èyí kò ní bàjẹ́ láéláé. Ọjọ́ Ajé ló máa fi í sí i." Mo pè ọ́, nẹ́tíwọ̀kì gé wa. Mo tún pè ọ́, o ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá, mo ti gbọ́," bẹ́ẹ̀ n kò tíì sọ nǹkan kan. Bí o ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn. Ìwé kò ṣeé já lu lẹ́nu, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ọlọ́kadà tó ń kó búrẹ́dì wá sí Ajue yóò mú un wá fún ọ lọ́la.

Ìwọ mọ egungun, jẹ́ kí n fi egungun bá ọ sọ ọ́. Ohun rírọ̀ kan wà láàárín egungun méjì ní orúnkún, tí kì í jẹ́ kí egungun máa lọ ara wọn. Ohun tí búṣì jẹ́ fún ọkọ̀ nìyẹn. Ibikíbi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ti so mọ́ ara ọkọ̀, búṣì ló wà níbẹ̀. Bí ó bá rọ̀, ara á tu ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Bí ó bá le, kò sí ìdùbúlẹ̀ tó máa rọrùn nínú ọkọ̀ náà, bí o tilẹ̀ tẹ́ tìmùtìmù mẹ́ta síbẹ̀.

Èkíní, má bá Jímọ̀ jà. Kò pa irọ́ fún ọ. Èmi fúnra mi ni mo máa ń ní kó gé búṣì táyà sí ọkọ̀ yẹn ní ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi gbé epo pupa láti Ajue wá sí Ore. Ohun tó ti mọ́ ọn lára ló ń ṣe. Ní ọgbà mẹkáníìkì Ore, táyà tírélà kò wọ́n; ojoojúmọ́ ni títì márosẹ̀ ń fún wọn ní òmíràn. Wọ́n á fi ọ̀bẹ gé e, wọ́n á fi irin gbígbóná lu ihò sí i, wọ́n á wá sọ fún ọ pé, "Ẹ̀yin lẹ máa gbó, òun ò ní gbó." Òótọ́ ni. Mo ti gbó. Bí mo bá fẹ́ dìde lórí àga báyìí, ìyá rẹ ní láti na ọwọ́ sí mi.

Mo pe Jímọ̀ láàárọ̀ yìí. Mo ní kó fi búṣì táyà sílẹ̀, kó wá rọ́bà rírọ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí n máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dọọdún ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwọn èèyàn á ní mi ò mọ iṣẹ́ mọ́ o."

"Jẹ́ kí wọ́n wí."

Ó ní, "Ṣé ẹ rí i, Bàbá, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló ni ọkọ̀ báyìí. Ohun tí wọ́n bá sọ ni mo máa ṣe." Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ ni ọ̀rọ̀ wà, Dúpẹ́, èmi kàn ń gbà ọ́ níyànjú ni.

Ohun kan wà tí Jímọ̀ kò bá ọ sọ. Ohun tí kò bá fẹ́ tẹ̀, á wá ẹlòmíràn tí yóò tẹ̀ dípò rẹ̀. Kòtò tí táyà wọ̀, agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí síbì kan. Búṣì rírọ̀ á gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Búṣì líle á tì í sókè sí ṣáásì, egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró, ṣáásì á tì í sí ìjókòó, ìjókòó á tì í sí ẹ̀yìn èèyàn. Búṣì táyà tèmi kò bàjẹ́ rí. Ṣáásì ló là, lọ́wọ́ òsì níbi tí apá iwájú, irin tó di ẹsẹ̀ táyà mú, ti so mọ́ ọn, tí wẹ́dà fi bá wa jó o pọ̀. Ní kí Jímọ̀ nu ibẹ̀ mọ́, kó tan iná wò ó dáadáa kó tó fi ohunkóhun sí i, torí búṣì tuntun kò lè ran ṣáásì tó ti là lọ́wọ́.

Èkejì ló ṣòro fún mi láti kọ. O mọ̀ pé ìwọ kọ́ ni àkọ́bí wa. A kì í sábà sọ ọ́, nítorí ìyá rẹ kì í fẹ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó sì mi orí.

Nígbà yẹn, ọkọ̀ náà kì í ṣe tèmi. Màmá Alépo, ọ̀gá mi, ló ni ín; èmi ni dírẹ́bà rẹ̀. Búṣì táyà ló wà nídìí rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, nítorí ẹrù epo. Ìrọbí mú ìyá rẹ ní Ajue, kò sì sí nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀. Ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí fún wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí n tètè máa gbé e lọ sí Ore. Mo tẹ́ ẹní sórí ìjókòó ẹ̀yìn, a sì gbé e sí i.

Dúpẹ́, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ̀nà yẹn fún ọ. Bí mo bá sáré, òkúta ń gbá a. Bí mo bá rọra, àkókò ń lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ikùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ẹni tó gbé igbá omi tó kún. Kò pariwo. Ìgbà tí a bá wọ kòtò nìkan ni yóò sọ fún mi ní èdè Ìkálẹ̀ rẹ̀ pé kí n dúró ná, kí òun mí. Mo dúró, mo tún dúró, títí n kò fi mọ iye ìgbà tí mo dúró mọ́. A dé Ore. Ọmọkùnrin ni. Kò ké.

Dókítà kò sọ pé ọ̀nà ló fà á, èmi náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ tó kàwé rẹ̀ mọ̀ jù mí lọ. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé ìrora obìnrin tó ń rọbí ti tó ẹrù fún un. Kò yẹ kí ọkọ̀ tún di ẹrù mìíràn lé e. Ó dùn mí lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nígbà tí ìyá rẹ fi máa lóyún rẹ, Màmá Alépo ti ta ọkọ̀ náà fún mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo tú gbogbo búṣì táyà dànù, mo fi rọ́bà rírọ̀ rọ́pò wọn. Àwọn dírẹ́bà gáréèjì Ore fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n sọ ọkọ̀ mi ní Tìmùtìmù. Bí mo bá ti ń yọ, wọ́n á ké pé, "Ẹ yà fún Tìmùtìmù o, ó fẹ́ lọ sùn!" Nígbà tí ọjọ́ rẹ pé, a gba ọ̀nà kan náà, nínú ọkọ̀ kan náà, ìyá rẹ sì tún sùn sẹ́yìn. A ṣì wà láàárín igbó, a kò tíì dé ìdajì ọ̀nà, nígbà tó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé a ti dé títì ni?" Mo sunkún nídìí sítíárìn lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ kò sì mọ̀. Ó ti kà á lórí èjìká mi báyìí o, ó ní irọ́ ni mò ń pa, pé òun mọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí o ṣe máa yan rọ́bà. Fún apá iwájú, òsì àti ọ̀tún, lókè àti nísàlẹ̀, àti ibi tí sípíríìnì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣáásì, rọ́bà rírọ̀ ni kí o rà, èyí tó lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀ pinpin. Fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: kí ó wọlé díẹ̀, kí ó sì padà. Bí kò bá padà, tàbí tí o bá rí i tó là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ létí, má rà á. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta tòkunbọ̀ fún ọ. Mo mọ̀ pé wọ́n á nù ún kó máa dán, wọ́n á ní ojúlówó ni. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́, bíi tèmi tí mo jókòó sí Odigbo yìí.

Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ á tún mú òmíràn wá, èyí tó pupa tàbí tó pọ́n bí iyeyè, tí wọ́n ń pè ní pólí. N kò bú u. Epo kì í jẹ ẹ́, ó sì ń pẹ́ ju rọ́bà lọ. Ṣùgbọ́n ó le ju ohun tí ò ń wá lọ, ó sì máa ń ké bí ó bá gbẹ. Ọmọ ìka kò dọ́gba. Ibì kan wà tó yẹ ẹ́. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níwájú tó so ẹsẹ̀ òsì pọ̀ mọ́ ti ọ̀tún, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí o bá ń ya kọ́nà. Fi pólí síbẹ̀, kí aláboyún má baà máa yí gbirigbiri lórí ìjókòó. Gíríìsì tirẹ̀ tó bá a wá nínú páálí ni kí wọ́n fi pa á, kì í ṣe dúdú tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ Jímọ̀.

Ibi dídì rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi rọ́bà sí ọkọ̀ yìí, kí a tó bí ọ, tí mo rò pé mo gbọ́n, èmi ni mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ fúnra mi ní Ago Alaye. Mo fi jáàkì gbé e sókè, ẹsẹ̀ rọ̀ dirodiro, mo sì di gbogbo bóòtù pa. Mo yangàn káàkiri. Kí wọ́n tó kórè kòkó tán lọ́dún náà, rọ́bà ti ya. Mo gbéra, ó di Ore, mo fẹ́ lu ẹni tó tà á fún mi. Ọkùnrin náà bi mí léèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé ẹsẹ̀ ọkọ̀ wà nílẹ̀ nígbà tí o dì í?" Mo yí padà, mo ra ẹ̀pà sísè, mo sì wá ilé.

Rọ́bà yìí kì í yí bíi bẹ́árìn. Ó lẹ̀ mọ́ irin, lílọ́ ló ń lọ́. Bí o bá dì í nígbà tí ẹsẹ̀ rọ̀, gbàrà tí ọkọ̀ bá balẹ̀ ló ti lọ́ tán, kò sì ní sinmi mọ́ títí yóò fi ya. Kí Jímọ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ mú bóòtù náà lásán, kó gbé ọkọ̀ sílẹ̀, kó wà á gun orí kòtò iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí èèyàn jókòó sínú rẹ̀, kó tó wọ abẹ́ lọ dì í pa. Á ráhùn. Fi í sílẹ̀ kó ráhùn.

N kò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Ó rẹ̀ mí, ìyá rẹ sì ti bó ẹ̀gúsí tán, ó ń bó èyí tó ti bó. Ṣùgbọ́n èyí tó kù yìí ni mo fẹ́ kí o dì mú jù.

Wàá bi mí pé, bí rọ́bà rírọ̀ bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí mo tún padà sí táyà? Epo pupa ni. Ní ọyẹ́ ọdún tí a bí ọ, búṣì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìwọ náà á ti rí i báyìí pé ní Ajue, ohunkóhun tó bá ń ké, epo ni wọ́n fi ń pa á lẹ́nu mọ́: ilẹ̀kùn, kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ gàrí. Wọ́n ní kí n fi epo sí i, mo fi sí i. Ó dákẹ́, gbogbo wa yọ̀. Kò pẹ́, rọ́bà wú, ó rọ̀ bíi fùfú, ọkọ̀ ń wọ́ sọ́tùn-ún, ó ń wọ́ sósì. Mo ra òmíràn, n kò fi epo sí i mọ́, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tí mò ń kó ń jò sórí sípíríìnì ẹ̀yìn, ìyẹn náà tún wú. Epo ni iṣẹ́ mi. N kò lè fi epo sílẹ̀, mo bá fi rọ́bà sílẹ̀, ẹ̀yìn mi sì gbà á.

Ìwọ kì í ṣe alépo. Àmọ́ wọ́n á wá bá ọ. Obìnrin tí o gbẹ̀bí rẹ̀ lánàá ni yóò wá, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, á kúnlẹ̀, á ní, "Nọ́ọ̀sì wa, ẹ̀yin náà ṣáà ń lọ sí Ore, ẹ bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì kan péré." Èèyàn dáadáa ni, á ti mú ẹyin adìyẹ dání fún ọ. Báwo lo ṣe máa kọ̀ fún un? Kọ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan péré kì í jẹ́ ọ̀kan péré. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ ló ni ọkọ̀, pé bàbá burúkú ni, pé ó ní òun kò gbọ́dọ̀ gbọ́ òórùn epo nínú rẹ̀. Mo ti dàgbà, mo lè gba èébú. Bí o bá sì mọ̀ pé o kò ní lè kọ̀, sọ fún Jímọ̀ lọ́jọ́ Ajé pé kó fi táyà tirẹ̀ sí i, kí o sì wá ọkọ̀ mìíràn fún àwọn aláboyún.

Rọ́bà rírọ̀ yóò gbó, ọmọ mi. Jẹ́ kó gbó, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Iṣẹ́ yẹn yóò rẹ ìwọ náà. Bí ó bá rẹ̀ ọ́, wá sùn sọ́dọ̀ wa ní Odigbo, má ṣe bíi tèmi tó ń pe ara rẹ̀ ní ọkùnrin títí ẹ̀yìn fi kọ̀.

Ó ku ohun kan. Bí Jímọ̀ bá parí iṣẹ́, má tíì gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ jọ gbé ọkọ̀ náà lọ sí Ajue. Kí o dùbúlẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn, kí o fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ bí o ṣe máa ń ní kí àwọn aláboyún ṣe, kí Jímọ̀ sì gbé ọ dé títì. Má jókòó o. Ẹni tó jókòó kò ní mọ ohun tí ẹni tó dùbúlẹ̀ ń jẹ.

Mo fẹ́ fi ọwọ́ sí ìwé níbẹ̀ yẹn ni ìyá rẹ gba bírò lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ tí a ti kúrò ní Ajue, kò gba ọ̀nà yẹn mọ́, kì í tilẹ̀ fẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó ní, "Mọ̀dúpẹ́ kò tíì rọbí rí. Kí ló fẹ́ mọ̀ níbẹ̀? Èmi ni mo máa dùbúlẹ̀." Ó ti wọlé lọ ká aṣọ. Sọ fún Jímọ̀ kó dúró dè é.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń fi ìfẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu.